Stẹ́ǹtì Kì Í Ṣe Ohun Tí À Ń Kọ́kọ́ Dán Wò

Ẹni tí àtọ̀gbẹ ń bá fínra, tí iṣan ẹ̀jẹ̀ ọkàn rẹ̀ sì dí níbi púpọ̀, iṣẹ́ abẹ bàípáàsì, tí wọ́n fi ń rán iṣan mìíràn mọ́ kí ẹ̀jẹ̀ lè yẹra fún ibi tó dí, ló yẹ ẹ́ ju stẹ́ǹtì, irin kékeré tí wọ́n ń fi sínú iṣan láti là á, lọ. Ìwádìí FREEDOM ti fìdí èyí múlẹ̀ láti 2012. Kódà ṣáájú ìgbà náà, ní ìpínlẹ̀ New York láàárín 2005 sí 2007, nínú 100 aláìsàn tí ìlànà ní iṣẹ́ abẹ ló tọ́ sí, 34 ni wọ́n ní kí wọ́n lọ gba stẹ́ǹtì.

Àwíjàre àwọn dókítà tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni pé kò séwu: bí stẹ́ǹtì bá kọ̀, iṣẹ́ abẹ kò sá lọ. Ọ̀rọ̀ burúkú ni! Iṣẹ́ abẹ kò sá lọ, ṣùgbọ́n iṣan tí wọn yóò ṣe é sí ti bàjẹ́ sí i. Wọ́n lè ti to stẹ́ǹtì mẹ́ta tàbí mẹ́rin tẹ̀léra sínú iṣan ńlá iwájú ọkàn. Abẹ́rẹ́ kì í gba inú irin kọjá. Oníṣẹ́ abẹ á wá ibi tí yóò rán iṣan tuntun mọ́ títí dé ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí iṣan ti tín-ín-rín, tí ẹ̀jẹ̀ tó ń gba ibẹ̀ kò tó nǹkan. Ti oògùn tún wà ńbẹ̀: bí wọn kò bá dá clopidogrel tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì dúró ní nǹkan bí ọjọ́ 5 ṣáájú, ẹ̀jẹ̀ á máa dà, bí wọ́n bá dá a dúró nígbà tí stẹ́ǹtì ṣì tuntun, stẹ́ǹtì lè dí lójijì. Àwọn dókítà Essen ní Jámánì gbé e jáde ní 2006 pé ẹni tó ti gba ìtọ́jú stẹ́ǹtì lẹ́ẹ̀mejì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ máa ń kú lẹ́yìn bàípáàsì ju ẹni tí kò gbà á rí lọ. Òótọ́ ni pé àwọn ìwádìí mìíràn kò rí ìyàtọ̀, ẹni tó sì gbà á lẹ́ẹ̀kan péré kò fara gbá a tó bẹ́ẹ̀. Ṣé ìyẹn wá tó láti sọ pé kò séwu?

Àtúnṣe àkọ́kọ́ ni kí wọ́n má ṣe ya àwòrán iṣan tán kí wọ́n sì fi stẹ́ǹtì sí i lójú ẹsẹ̀. Aláìsàn tó wà lórí tábìlì, tí oògùn ìfarabalẹ̀ ti wọ̀ lára, kò lè yan nǹkan kan. Ẹni tí ìkọlù ọkàn ń mú lọ́wọ́ nìkan ni kí wọ́n yọ sílẹ̀, nítorí stẹ́ǹtì kíákíá ló ń gba ẹ̀mí rẹ̀ là. Kí àwọn yòókù máa lọ sílé, kí dókítà ọkàn àti oníṣẹ́ abẹ jọ jókòó wo àwòrán náà. Láti 2010 ni ìlànà Yúróòpù ti ní kí àwọn méjèèjì máa jọ jókòó bẹ́ẹ̀.

Kí wọ́n má ṣe to irin dé ìsàlẹ̀ iṣan. Kí aláìsàn gba ìwé tó sọ iye stẹ́ǹtì àti ibi tí wọ́n wà. Kí owó ilé ìwòsàn má ṣe pọ̀ sí i nítorí iye stẹ́ǹtì. Kí àkọsílẹ̀ ikú lẹ́yìn bàípáàsì máa sọ iye ìgbà tí aláìsàn ti gba stẹ́ǹtì ṣáájú.