Irọ́ Ni Pé Ẹ̀rọ Ìgékoríko Tó Dúró Kì í Bàjẹ́

Ní Ìlú Ọba àti ní apá àríwá Amẹ́ríkà, láti nǹkan bí oṣù kọkànlá ni ẹ̀rọ ìgékoríko ti máa ń wà nínú ahéré ẹ̀yìnkùlé, títí koríko yóò fi tún bẹ̀rẹ̀ sí í hù nígbà ìrúwé, ní oṣù kẹta tàbí ìkẹrin. Ìgbàgbọ́ tó gbilẹ̀ láàrin àwọn tó ni ín ni pé ẹ̀rọ tó ṣiṣẹ́ dáadáa lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e pamọ́ kò lè ní àléébù lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé e jáde. Kí ni ó ṣe tí yóò fi bàjẹ́? Wọ́n á bu epo sí i, wọ́n á fa okùn. Bí kò bá dáhùn, wọ́n á tún fà á títí apá yóò fi máa ro wọ́n. Ìgbàgbọ́ náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Lẹ́nu ìdúró ni ẹ̀rọ yìí ti ń kó ọ̀pọ̀ àìsàn rẹ̀.

Bó bá ṣe pé irú ẹ̀rọ tí Edwin Budding ṣe nítòsí Stroud, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́dún 1830 ni wọ́n ń sọ, ọ̀rọ̀ wọn ì bá fẹ́rẹ̀ẹ́ jóòótọ́. Ènìyàn ni ó ń ti ìyẹn; kò ní táǹkì, kò sì ní ẹ́ńjìnì. Ẹ̀rọ òde òní ń gbé epo bẹntiróòlù kiri, epo náà kì í sì í sùn.

Àdàpọ̀ oríṣiríṣi ohun olómi ni bẹntiróòlù. Àwọn tó fúyẹ́ jù nínú wọn ni ó ń mú kó tètè gbiná, àwọn náà ni ó sì ń kọ́kọ́ fẹ́ lọ. Láàrin nǹkan bí 30 ọjọ́, epo inú táǹkì ti bẹ̀rẹ̀ sí í pàdánù wọn. Afẹ́fẹ́ tó ń kan ìyókù a máa sọ ọ́ di ohun tó ń lẹ̀ bí oje igi. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, epo tí wọ́n ń pè ní E10 ni ó gba àwọn ilé epo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ lè jẹ́ ẹ́tánọ́ọ̀lù. Irú epo bẹ́ẹ̀ ti wọ́pọ̀ ní Amẹ́ríkà ṣáájú ìgbà náà. Ẹ́tánọ́ọ̀lù a máa fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. Bí omi náà bá pọ̀ jù, òun àti ẹ́tánọ́ọ̀lù á ya kúrò lára epo, wọ́n á rì sí ìdí táǹkì, ibẹ̀ gan-an sì ni ẹ́ńjìnì ti ń fa epo mu.

Ihò tí epo ń gbà kọjá nínú kabúrétọ̀ kò tó mìlímítà kan ní fífẹ̀. Oje díẹ̀ tó láti dí i. Ìdí nìyí tí epo tuntun tí wọ́n dà lé ògbólógbòó kì í fi í yanjú ọ̀rọ̀. Nǹkan tí àwọn kan ń fín sí ẹnu ẹ́ńjìnì náà lè mú un hó fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, lẹ́yìn èyí yóò tún kú. Ohun tó yẹ ni kí wọ́n fa epo àtijọ́ jáde pátápátá, ní gbangba, níbi tí iná kò sí, kí wọ́n tú ife ìsàlẹ̀ kabúrétọ̀, kí wọ́n fọ ihò inú rẹ̀, kí wọ́n tó da epo tuntun sí i. Kò sí ìdí kankan láti da epo àtijọ́ náà sí gọ́tà. Ibi tí ìjọba ìbílẹ̀ ti ń gba irú ìdọ̀tí bẹ́ẹ̀ ni kó lọ.

Àwọn tó ń gbe ìgbàgbọ́ yìí lẹ́yìn máa ń tọ́ka sí ẹ̀rọ tó jí ní fífà àkọ́kọ́. Irú rẹ̀ wà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ lè jí kó má sàn. Ọ́ìlì tí ẹ̀rọ ti lò ní gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ní Ìlú Ọba tàbí Amẹ́ríkà ti ní omi àti ásíìdì nínú, ó sì fi gbogbo ìgbà òtútù jókòó ti irin inú ẹ́ńjìnì. Kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Díẹ̀ ju ìdajì líítà lọ ni ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì kékeré ń gbà, àrokún rẹ̀ kò sì ṣe é ní oore: èéfín funfun ni yóò máa rú. (Ẹ́ńjìnì tí wọ́n ń po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀ kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí.) Asẹ́ afẹ́fẹ́ tó jẹ́ kànìnkànìn ṣe é fi ọṣẹ fọ̀, èyí tó jẹ́ bébà, kí wọ́n ra òmíràn. Pípààrọ̀ plọ́ọ̀gì kò tilẹ̀ yẹ kó di àríyànjiyàn, nítorí owó rẹ̀ kò tó owó oúnjẹ ọ̀sán kan.

Abẹ ni wọ́n ń gbàgbé jù. Wọ́n gbà pé bó bá ṣáà ti ń yí kíákíá, yóò gé. Abẹ tó kú ń fa koríko ya ni, orí koríko náà á sì pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ láàrin ọjọ́ díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn á ní oòrùn ni. Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan abẹ, kó yọ wáyà orí plọ́ọ̀gì kúrò, nítorí pé yíyí abẹ lè jí ẹ́ńjìnì. Bí wọ́n bá sì fẹ́ da ẹ̀rọ dẹ̀gbẹ́, kí asẹ́ afẹ́fẹ́ wà lókè, kí ọ́ìlì má baà ṣàn wọ inú rẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n bá pọ́n abẹ tán, kí wọ́n fi ihò àárín rẹ̀ kọ́ sára ìṣó. Apá tó bá wálẹ̀ ni ó wúwo jù; òun ni kí wọ́n tún fi fáìlì pọ́n. Abẹ tí kò dọ́gba a máa mú ẹ̀rọ gbọ̀n rìrì, ìgbọ̀nrìrì náà a sì máa jẹ ẹ́ńjìnì run.

Nílẹ̀ Yorùbá kò sí ìgbà ìrúwé, ṣùgbọ́n láti oṣù kọkànlá dé oṣù kẹta, ẹ̀ẹ̀rùn ń dá ẹ̀rọ dúró bákan náà. Ooru ń mú epo tètè fẹ́, eruku ọyẹ́ sì ń dí asẹ́ afẹ́fẹ́. Níbi gbogbo, iṣẹ́ náà rọrùn jù bí wọ́n bá ṣe é kí ẹ̀rọ tó wọlé: kí wọ́n lo epo inú táǹkì tán, kí ẹ́ńjìnì fúnra rẹ̀ kú. Ẹni tí kò bá ṣe é nígbà náà, kó tú epo àtijọ́ jáde kó tó fọwọ́ kan okùn.