Nọ́ńbà Ìdè Bóòtù Kì Í Ṣe Awo

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lóṣù yìí kéré lójú. Ọ̀rọ̀ bóòtù ni. Ṣùgbọ́n bóòtù yìí ni ó di táyà mọ́ ara ọ̀kadà, ẹ̀mí àwa tí a wà lórí rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun tí a ń béèrè nìyí: kí gbogbo ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì ọ̀kadà ní Ìbẹfun àti agbègbè rẹ̀ lẹ páálí kan mọ́ ògiri, kí wọ́n kọ iye agbára tí ó yẹ kí a fi de bóòtù kọ̀ọ̀kan sórí rẹ̀, ní Yorùbá, ní nọ́ńbà gàdàgbà tí ọmọ iṣẹ́ lè rí láti ibi tí ó lóṣòó sí. Tọ́ọ̀kì ni àwọn òyìnbó ń pe agbára yìí. A ti sọ ọ́ fún àwọn ọ̀gá kan. Èsì tí wọ́n fún wa ni pé ọwọ́ àwọn ti mọ̀ ọ́n.

Ọwọ́ ta ni? Bí ó bá jẹ́ ọwọ́ ọ̀gá tí ó ti wà nídìí iṣẹ́ yìí fún ogún ọdún, a gbà, ó lè mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ọ̀gá kọ́ ni ó ń de bóòtù. Ọ̀gá wà lórí bẹ́ǹṣì, ó ń bá oníbàárà ná owó. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tí kò tíì jẹun àárọ̀ ni ó wà nílẹ̀ pẹ̀lú sípánà. Ọwọ́ àárọ̀ yàtọ̀ sí ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, sípánà gígùn yàtọ̀ sí kúkúrú, nígbà tí wọ́n bá sì fi páìpù kún ìdí sípánà, ta ni ó tún mọ ohun tí ọwọ́ mọ̀?

Àwa ọmọ Ìjẹ̀bú mọ ohun tí à ń pè ní awo. Bí Agẹmọ bá ń bọ̀, a mọ ẹni tí kò gbọdọ̀ yọjú. Nọ́ńbà bóòtù kò sí lára rẹ̀. Ọmọ tí ó fi ọdún mẹ́ta sin ọ̀gá, tí ó gba òmìnira tí kò sì mọ nọ́ńbà kan ṣoṣo, kí ni wọ́n kọ́ ọ?

Ẹ jẹ́ kí a sọ bí ó ti ń ṣiṣẹ́. Bóòtù tí a dè dà bí rọ́bà tí a fà. Fífà tí ó fà díẹ̀ yẹn ni ó fi ń di irin méjì mọ́ra. Bí kò bá fà tó, gbígbọ̀n ẹ́ńjìnnì àti kòtò ọ̀nà oko yóò máa tú u díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi já bọ́. Bí ó bá fà jù, kò ní lè súnkì padà mọ́. Yóò já, tàbí kí ó bọ́ tírẹ́ẹ̀dì inú irin tí ó wọ̀. Nọ́ọ̀tì ìdí ẹ́ńjìnnì tí a ń tú láti da ọ́ìlì ni ẹ fi wò ó. Àlùmíníọ́mù ni ara ẹ́ńjìnnì yẹn, kò lágbára tó irin bóòtù. Wọ́n dè é jù lẹ́ẹ̀kan, wọ́n dè é jù lẹ́ẹ̀mejì, ní ẹ̀ẹ̀kẹta tírẹ́ẹ̀dì jáde, ọ́ìlì ń kán sílẹ̀ lójú ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde, ẹni tí ó ń gùn ún kò sì mọ̀ títí ẹ́ńjìnnì fi di. Ta ni ó ń sanwó rẹ̀? Mẹkáníìkì yóò ní ọ̀kadà ti gbó ni. Olówó ọ̀kadà yóò ní òun kò mọ̀, kí owó ojúmọ́ òun ṣáà pé. Ọlọ́kadà ni yóò gbé ẹ́ńjìnnì lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tó ń lu ihò tuntun, tí yóò jókòó sílé láìṣiṣẹ́, tí yóò sì tún jẹ gbèsè.

Nọ́ńbà wọ̀nyí kò sì jìnnà. Ọdún 1979 ni wọ́n dá ilé-iṣẹ́ Honda sílẹ̀ ní ilẹ̀ wa, ní Ọ̀tà, ìpínlẹ̀ Ògùn yìí kan náà. Nínú ìwé àtúnṣe Honda, bóòtù lásán tí ìwé kò dárúkọ lọ́tọ̀, bí ó bá nípọn tó mílímítà 5, Nm 5 ni kí a fi dè é. Mílímítà 6, Nm 10. Mílímítà 8, Nm 22. Mílímítà 10, Nm 34. Mílímítà 12, Nm 54. Ìnípọn ara bóòtù ni à ń wí o, ẹ má fi nọ́ńbà sípánà rọ́pò rẹ̀. Lára ọ̀kadà Japan, sípánà 10 ni ó sábà máa ń tú bóòtù 6, sípánà 12 ń tú ti 8, sípánà 14 ń tú ti 10. Ẹni tí ó bá wo sípánà 10 tí ó lọ fi Nm 34 de bóòtù 6, ojú rẹ̀ ni yóò ṣe já.

Ohun mìíràn wà tí ó ń ṣi àwọn tó mọ̀wé pàápàá lọ́nà. Fún bóòtù 6 kan náà, ìwé kan á kọ 10, èkejì á kọ 1, ẹ̀kẹta á kọ 7, òótọ́ sì ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nm ni ti àkọ́kọ́, kìlógírámù-mítà ni ti èkejì, pọ́ùn-fúùtù ni ti ẹ̀kẹta. Nọ́ńbà tí kò ní orúkọ ìwọ̀n nídìí, ẹ má kọ ọ́ sórí páálí, májèlé ni.

Wọ́n á ní sípánà tí ó ń wọn agbára ọwọ́ ti wọ́n jù. Ó wọ́n lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ mú síkéèlì onísípírìǹ tí ó ní ìwọ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń wọn ẹja, ẹ fi ìwọ̀ rẹ̀ kọ́ sípánà ní sẹ̀ǹtímítà 25 sí àárín bóòtù, kí ẹ fà á ní ìdábùú sípánà, kí ó má ṣe dagun. Bí síkéèlì bá ka kìlò 4, Nm 10 nìyẹn. Kìlò 9 jẹ́ Nm 22, kìlò 14 jẹ́ Nm 34. Kìlò kan lẹ́nu ọ̀pá mítà kan jẹ́ nǹkan bí Nm 10, òun ni gbogbo ìṣirò náà. Ẹ nu tírẹ́ẹ̀dì mọ́ kí ó gbẹ kí ẹ tó fà á, nítorí nínú ìdá mẹ́wàá agbára tí a fi ń de bóòtù, nǹkan bí ìdá kan ni ó ń fa bóòtù gùn, irin tí ń ha irin ni ó ń jẹ ìyókù. Bí ọ́ìlì bá wà níbẹ̀, irin kò ní jẹ tó bẹ́ẹ̀, nọ́ńbà kan náà yóò sì de bóòtù ju bí ó ti yẹ lọ.

Ti orí ẹ́ńjìnnì àti ti irin tí ó gba àárín táyà kọjá, nọ́ńbà tiwọn yàtọ̀ láti ọ̀kadà sí ọ̀kadà. Inú ìwé ọ̀kadà náà gan-an ni kí ẹ ti dà á kọ. Ti orí ẹ́ńjìnnì, ìgun sí ìgun ni kí ẹ máa dè é, ní ìpele méjì tàbí mẹ́ta.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ilé-iṣẹ́ mọ̀ pé Òfin Ilé-Iṣẹ́ ti 1987 pàṣẹ kí a lẹ àkékúrú òfin náà sí ẹnu ọ̀nà tí òṣìṣẹ́ ń gbà wọlé. Bí ọ̀gá tí ó ní irínwó òṣìṣẹ́ bá gbọ́dọ̀ lẹ òfin sí ojú ọ̀nà, kí ni ó ń dí ọ̀gá tí ó ní ọmọ iṣẹ́ mẹ́rin lọ́wọ́ láti lẹ nọ́ńbà márùn-ún? Àti ẹ̀yin tí ẹ ń já tíkẹ́ẹ̀tì fún ọlọ́kadà ní gbogbo àárọ̀, a kò ní kí ẹ má gba owó. Ẹ fi díẹ̀ nínú rẹ̀ ra sípánà olóṣùwọ̀n kan sí gárééjì kọ̀ọ̀kan, kí ẹnikẹ́ni lè yá a lò kí ó sì dá a padà.

Páálí àkọ́kọ́ ti wà ní ọ́fíìsì ẹ̀ka. Ẹ mú bírò àti ìwé wá, ẹ wá dà á kọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀gá tí ó bá sì dá ọwọ́ rẹ̀ lójú, kí ó wá. A ó fi aṣọ bò ó lójú, a ó ní kí ó fa sípánà nígbà mẹ́rin bí ẹni tí ń de bóòtù 8, síkéèlì yóò sì wà lẹ́nu sípánà. Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ni a ó ní kí wọ́n ka nọ́ńbà sókè.