Ìwé Ẹ̀bẹ̀ Lórí Bèbè Kánálù Ayétòrò

Sí Ọ̀gá Àgbà wa, níléeṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ omi àti àyíká wà níkàáwọ́ rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ ni wá ní etíkun Ìlàjẹ, ọmọ Ayétòrò ló sì pọ̀ jù nínú wa. Ìlú tí àwọn baba wa tẹ̀ dó ní 1947, òkun ti gbé ilé àti ilé ìjọsìn níbẹ̀ lọ. Bí ìgbì bá ya wọlé, omi iyọ̀ a gba kánálù dé ẹ̀yìn ìlú, a pa koríko àti igi tó di bèbè mú, bèbè a sì máa ya lulẹ̀.

A ronú ohun tí ọwọ́ wa lè ká. A ri ọparun mọ́lẹ̀, a fọ̀bẹ sàmì sí i lára bí omi ṣe ń kún, tó ń fà. Àwọn ìyá wa tó ń yan ẹja fi ibi tí igi ẹ̀gbà, tí omi iyọ̀ kì í pa, wà nígbà èwe wọn hàn wá. Èso ẹ̀gbà kì í délẹ̀ kó tó hù: orí ìyá rẹ̀ ló ti ń hù, á gùn tẹ́ẹ́rẹ́, bó bá já, á gún ẹrẹ̀. A ṣà wọ́n, a gbìn wọ́n sínú ọ̀rá píọ̀-wọ́tà, a sì ya àwòrán bèbè tí a fẹ́ kó wọn lọ. A ò sọ pé ẹ̀gbà yóò dá òkun dúró o. Ìyẹn di iṣẹ́ ìjọba. Bèbè ẹ̀yìn ìlú là ń wí, níbi tí gbòǹgbò ẹ̀gbà tó rí bí ẹsẹ̀ alákàn lè di ẹrẹ̀ mú, kí edé àti ọmọ ẹja ríbi sá sí.

A kọ̀wé béèrè àyè, ẹ ní ká ní sùúrù. Ẹnu sùúrù náà la wà tí ẹ̀rọ tó ń gbẹ́ kánálù fi dé, tó da ẹrẹ̀ jọ gegere sórí ibi tí a kan èèkàn sí láti gbin ẹ̀gbà. Omi kì í gun ibẹ̀ mọ́. Ẹrẹ̀ abẹ́ omi ibí, bí oòrùn bá ti pa á, ṣe ló máa ń kan; agbára káká ni nǹkan fi ń hù níbẹ̀. Ó dùn wá wọra. A mọ̀ pé ọlọ́kọ̀ ojú omi nílò ọ̀nà, a ò ní kí ẹ̀rọ má ṣiṣẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí wọ́n fa ẹrẹ̀ náà lọ sílẹ̀ dé ibi tí omi á ti máa bò ó, kẹ́ ẹ sì fún wa níwèé àṣẹ láti gbìn. Ẹ rán ẹnì kan wá nígbà tí omi bá fà, ká jọ wò ó. A ò béèrè owó.

Ẹ̀yìn kíláàsì wa ni àwọn ọ̀gbìn náà wà. Gbòǹgbò wọn ti lu ọ̀rá jáde, ó ti ń ká kò. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí òjò tó ń bọ̀ bá wọn níbẹ̀.

Àwa ọmọ yín,
Akẹ́kọ̀ọ́ etíkun Ìlàjẹ.