Ẹ má gé catalyst ọkọ̀ yín

Látìgbà tá a ti sọ̀rọ̀ nípa ọkọ̀ tòkunbọ̀ ni ìbéèrè kan ti ń wá lọ́dọ̀ àwọn tiwa ní Jámánì: "Ṣé kí n gé catalyst kúrò, kí ọkọ̀ mi lè fúyẹ́, kó sì sáré dáadáa?" Tèmi ni pé, ẹ má gé e.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣírò ìwúwo yẹn. Lítà bẹntiróòlù kan tó nǹkan bíi kílò 0.74. Bí táǹkì onílítà 50 bá kún, epo inú ẹ̀ á tó kílò 37. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ló ju kílò 1,000 lọ. Catalyst tẹ́ ẹ fẹ́ gé ńkọ́? Kílò díẹ̀ ni. Ẹ kó ẹrù tẹ́ ò lò kúrò nínú búùtù, ọkọ̀ á fúyẹ́, ẹ ò sì ná kọ́bọ̀.

Iṣẹ́ wo ló ń ṣe gan-an? Agolo irin ni, lójú ọ̀nà sáláńsà. Inú ẹ̀ ní ihò wẹ́wẹ́ bí afárá oyin, wọ́n sì fi platinum, palladium àti rhodium pa á lára. Carbon monoxide, tí kò ní òórùn àmọ́ tó ń pani, á di carbon dioxide níbẹ̀. Nitrogen oxide á padà di nitrogen, èyí tó pọ̀ jù nínú afẹ́fẹ́ tá à ń mí. Ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì tún ní asẹ́ tó ń gba èérí dúdú inú èéfín.

Ìlú tẹ́ ẹ wà ò fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré. Láti 2008 ni Berlin ti ní Umweltzone. Láti 2010, ọkọ̀ tí kò bá ní sítíkà aláwọ̀ ewé ò gbọdọ̀ wọ àárín ìlú. Lọ́jọ́ 31 oṣù Karùn-ún 2018, Hamburg di ìlú àkọ́kọ́ ní Jámánì tó fòfin de dísẹ́ẹ̀lì àtijọ́, ní Max-Brauer-Allee àti Stresemannstraße. Tẹ́ ẹ bá gé e, àṣẹ tí ọkọ̀ yín fi ń rìn lójú títì ti kú nìyẹn.

Àmọ́ ohun tó ń dùn mí jù ni ti àwọn ọkọ̀ tó ń wọkọ̀ ojú omi lọ sílé. Ní 2020, àwọn aláyẹ̀wò ìjọba Netherlands yẹ ọkọ̀ àlòkù tó ń lọ sí Áfíríkà wò, wọ́n sì rí i pé wọ́n ti gé catalyst kúrò lára àwọn kan. Irin olówó iyebíye inú ẹ̀ ló ń wọ àwọn tó ń gé e lójú, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwúwo rárá.

Àwọn mẹkáníìkì á ní epo ilé ló ń bà á jẹ́. Òótọ́ wà níbẹ̀: sulphur inú epo máa ń ba catalyst jẹ́, èyí tó bá sì ti dí á mú kí ẹ́ńjìnnì rọ. Ṣùgbọ́n èyí tó bá bàjẹ́, pípààrọ̀ ló tọ́ sí i. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Ẹ̀dọ̀fóró ọmọ tó wà ní Berlin ò yàtọ̀ sí ti ọmọ tó ń ta omi nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Èkó. A máa ń bú òyìnbó pé wọ́n ń kó ìdọ̀tí wọn wá bá wa. Ká má wá jẹ́ àwa fúnra wa la ó mú ayùn dání ní Hamburg.