Ẹ Ra Power Pack Kí Ẹ Tó Ra Graphics Card

Ẹni tó bá forí lé òpópónà Òtígbà n'Ìkẹjà láti lọ to kọ̀ǹpútà tara rẹ̀ jọ, èyí tó fẹ́ fi gbá géèmù kó sì tún fi ṣiṣẹ́ àwòrán, graphics card ló máa ń wà lẹ́nu rẹ̀. Àwọn tó ń pe oníbàárà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mọ̀ bẹ́ẹ̀. "Bọ̀ọ́dá, ẹ wá wo graphics!" Ẹ ò ní gbọ́ kí ẹnikẹ́ni polówó power pack. Tí ẹ bá sì béèrè rẹ̀, wọ́n á ní kí ẹ fọkàn balẹ̀, ó ti wà nínú case, ọ̀fẹ́ ni. Ohun ọ̀fẹ́ yẹn gan-an ló yẹ ká yẹ̀ wò, torí ní ìlú tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀ bíi tiwa, òun ló ń ba owó jẹ́ jù.

Iná tó ń ti ara ògiri bọ̀, ìbáà jẹ́ ti NEPA tàbí ti jẹnẹrétọ̀, 230 volt ló yẹ kó jẹ́. Kò sí ẹ̀yà kan nínú kọ̀ǹpútà tó lè gba irú agbára bẹ́ẹ̀ sára. Power pack ló ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ sí 12 volt, 5 volt àti 3.3 volt, kó tó pín in fún motherboard, graphics card àti hard disk. Nígbà tí iná bá ga lójijì, bó ṣe máa ń rí tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ mú un dé, power pack gidi á pa ara rẹ̀ fúngbà díẹ̀, tàbí kó kú ní òun nìkan. Èyí tí kì í ṣe gidi lè jẹ́ kí iná náà kọjá sára gbogbo ohun tó so mọ́ ọn. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí náírà ti já wálẹ̀ gan-an sí dọ́là, ẹni tí graphics card rẹ̀ bá jóná mọ ohun tójú rẹ̀ máa rí kó tó ra òmíràn.

Báwo la ṣe ń dá gidi mọ̀? Ẹ yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ ka bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lára. Nọ́ńbà gàdàgbà tó wà lókè, bíi 500W, ẹ má tíì dá a lóhùn. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ +12V sí nínú àtẹ kékeré ìsàlẹ̀, kí ẹ wo iye ampere tó wà níbẹ̀, kí ẹ wá sọ ọ́ di púpọ̀ lọ́nà 12. Tí ẹ bá rí 18A, 216 watt péré ni processor àti graphics card máa rí lò níbẹ̀, bí wọ́n tilẹ̀ kọ 500 sórí rẹ̀ gàgàrà. Ojúlówó 550W sábà máa ń kọ 40A sókè. Ẹ tún wo àmì 80 PLUS, ètò ìjẹ́rìí kan tó bẹ̀rẹ̀ ní 2004. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé nínú gbogbo iná tí power pack náà bá fà láti ara ògiri, ó kéré tán ìdá 80 nínú 100 ló ń dé ara ẹ̀rọ, ìyókù ló ń di ooru. Bronze àti Gold tún dára ju èyí lọ. Àmọ́ bébà ni bébà ń jẹ́, ẹni tó ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lè tẹ àmì tó bá wù ú, nítorí náà ẹ gbé e lọ́wọ́ wò. Èyí tó bá fúyẹ́ bíi páálí bisikíìtì, ẹ dá a padà fún ọlọ́jà.

Ẹ̀yìn àwọn kan tún ní bọ́tìnì pupa kékeré, tí wọ́n kọ 115 àti 230 sí. Ọjà tó bá ti Amẹ́ríkà wá lè wà lórí 115. Tí ẹ bá kì í bọ iná wa bẹ́ẹ̀, ẹ ó gbọ́ ìró rẹ̀ kí ẹ tó gbọ́ òórùn rẹ̀. Ẹ fi ìka sún un sí 230 kí wáyà tó kan ògiri.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò díẹ̀. Processor Ryzen 5 5600, 65W ni wọ́n kọ fún un. Graphics card RTX 3060, 170W. Motherboard, RAM, SSD àti àwọn fáànù, ẹ ká gbogbo wọn sí 60W. Àpapọ̀ rẹ̀ kò tíì pé 300W. Kí wá ni mo ṣe ń ní kí ẹ ra 550W? Graphics card kì í fa iná ní ìwọ̀n kan náà, ó lè fò sókè kọjá iye tí wọ́n kọ sí i kó sì tún já wálẹ̀ kí ẹ tó ṣẹ́jú. Power pack tó bá sì ń ṣiṣẹ́ ní nǹkan bí ìlàjì agbára rẹ̀ kì í gbóná púpọ̀, ó sì máa ń pẹ́. Òun àti case wà lára ẹ̀yà tí ẹ lè gbé lọ sínú ẹ̀rọ tí ẹ máa tò lẹ́yìn ọdún márùn-ún láì bi ẹnikẹ́ni.

Ní ti UPS tó ń gbé ẹ̀rọ dúró tí iná bá lọ, èyí tí wọ́n kọ 650VA sí kì í ṣe 650W o. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í gbé ju 360W sí 390W lọ, bátìrì rẹ̀ sì wà kí ẹ lè rójú fi iṣẹ́ pamọ́ kí ẹ pa ẹ̀rọ ni, kì í ṣe kí ẹ fi parí bọ́ọ̀lù tí ẹ ń gbá. Ẹni tó ń lo inverter gbọ́dọ̀ béèrè bóyá pure sine wave ni, torí inverter olówó pọ́ọ́kú tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ bá power pack ìgbàlódé ṣe. Power pack òmíràn á kàn kú pii nígbà tí iná bá yí sórí bátìrì.

Ibi tí power pack bá parí sí ni ìbéèrè iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ní Ṣómólú tí ilé ìtẹ̀wé ti pọ̀ bí ẹní rọ òjò, ẹ ó bá àwọn ayàwòrán tó jẹ́ CorelDRAW àti Photoshop ni wọ́n fi ń jẹun: káàdì ìgbéyàwó, pósítà ìsìnkú, kàlẹ́ńdà, báńà ìsọjí. Iṣẹ́ wọn kò béèrè graphics card ńlá rárá. CorelDRAW ń fẹ́ processor tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá, RAM tó pọ̀ díẹ̀ àti SSD. Báńà fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n bá ṣí nínú Photoshop, RAM ló ń jẹ. Irú èèyàn bẹ́ẹ̀ tó bá fi owó sí 32GB RAM, tó sì wá monitor IPS tó ń fi àwọ̀ hàn bó ṣe rí gan-an, á jèrè ju ẹni tó ra card rẹpẹtẹ lọ. Ìyàwó tí aṣọ ẹbí rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ wáìnì, tó wá rí búráùn lórí káàdì ìpè, kò ní dúró gbọ́ àlàyé nípa graphics.

Ẹni tó ń fi Blender yàwòrán ilé, tàbí tó ń gé fídíò nínú DaVinci Resolve, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀. Graphics card gan-an ló ń ru ẹrù ibẹ̀. Ní tèmi, ẹni tó fẹ́ kí ẹ̀rọ kan ṣoṣo ṣe iṣẹ́ àti géèmù, tí owó rẹ̀ kò sì gùn, RTX 3060 oní-12GB ni kó wá. Ó ti wà lórí àtẹ láti 2021, RTX 4060 tó jáde ní 2023 sì yá jù ú lọ nínú géèmù, 115W péré ló tún ń fà, èyí tí ẹni tó ń ra epo sí jẹnẹrétọ̀ máa gbádùn. Ṣùgbọ́n 8GB ni mẹ́mọ́rì tirẹ̀. Tí àwòrán Blender bá kún kọjá mẹ́mọ́rì card, iṣẹ́ lè máa wọ́ bí ìgbín tàbí kó dúró pátápátá, kò sì sí bí ẹ ṣe lè fi mẹ́mọ́rì kún card lẹ́yìn tí ẹ bá ti rà á. Ẹ ṣọ́ra o, RTX 3060 oní-8GB wà lọ́jà pẹ̀lú. Ẹ má gba orúkọ, ẹ gba iye mẹ́mọ́rì. Tó bá jẹ́ géèmù nìkan ni, RX 6600 ti AMD, tó ń fa 132W, sábà máa ń dín lówó, ó sì tó fún géèmù lórí monitor 1080p. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Monitor 60Hz kò lè fi ju àwòrán 60 hàn láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà ẹni tó bá so card tó ń tú 140 jáde mọ́ ọn, ó sanwó ohun tójú rẹ̀ kò ní rí.

Processor ò fi bẹ́ẹ̀ ṣòro mọ́. Ẹ kàn wo lẹ́tà tó kẹ́yìn orúkọ rẹ̀. Intel tó bá parí sí F, bíi Core i5-12400F, kò ní graphics nínú rárá, ojú monitor á dúdú bí ẹ kò bá ní card. Ryzen 5 5600 náà rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n 5600G ní graphics tirẹ̀ nínú. Èyí wúlò gan-an fún ẹni tí owó rẹ̀ kò lè jáde lẹ́ẹ̀kan náà: ó lè fi 5600G bẹ̀rẹ̀, kó máa fi CorelDRAW rẹ̀ jẹun, kó máa gbá géèmù tí kò wúwo, kó sì wá ra card nígbà tí àjọ bá kàn án. Àwọn Ryzen méjèèjì yìí, motherboard AM4 ni wọ́n ń jókòó lé, DDR4 sì ni RAM wọn. AM5 tó dé ní 2022, DDR5 nìkan ló ń gbà. AM5 ló ní ọjọ́ iwájú, n kò jiyàn, ṣùgbọ́n owó tó máa gbà lọ́wọ́ yín lórí board àti RAM, inú owó card ló ti máa jáde. Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ kíyè sí lórí AM4: motherboard B450 tó ti pẹ́ lórí àtẹ lè má dá 5600 mọ̀ àfi tí wọ́n bá sọ BIOS rẹ̀ di tuntun. Ẹ ní kí ọlọ́jà ṣe é lójú yín.

RAM, ẹ ra oní-8GB méjì dípò 16GB ẹyọ kan, torí méjì ń jẹ́ kí processor gba ọ̀nà méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Tí àyè bá jẹ́ mẹ́rin lórí board, ìkejì àti ìkẹrin láti ẹ̀gbẹ́ processor ni wọ́n sábà ń wọ̀. SSD fún Windows àti iṣẹ́ tó ń lọ lọ́wọ́, hard disk fún iṣẹ́ àná. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Tòkunbọ̀ ńkọ́? N kò sí lára àwọn tó ń bú u. Dell OptiPlex àti HP EliteDesk tí àwọn iléeṣẹ́ òkèèrè tú sílẹ̀ ń gbé ọ̀pọ̀ ayàwòrán nílẹ̀ wa. Àmọ́ tí géèmù bá ti wọ̀ ọ́, ìdíwọ́ dé. Power pack inú wọn kéré, ìrísí rẹ̀ àti ẹnu wáyà rẹ̀ sì máa ń yàtọ̀ sí ti gbogbogbòò, nítorí náà pípààrọ̀ rẹ̀ kì í rọrùn. Card tí kì í gba wáyà láti ara power pack, tó jẹ́ 75W tí ojú board ń fún un nìkan ló ń lò, ni ẹ máa wá, bíi GTX 1050 Ti. Ẹ sì béèrè ọjọ́ orí processor rẹ̀. Microsoft ti jáwọ́ nínú àtúnṣe Windows 10 ní 14 oṣù kẹwàá 2025, Windows 11 sì ń béèrè TPM 2.0, ohun ààbò kan nínú kọ̀ǹpútà, àti, tó bá jẹ́ Intel, Core ìran kẹjọ sókè. Ọmọ tó fẹ́ gbá géèmù Valorant lórí Windows 11 láìsí TPM 2.0 kàn ń da ara rẹ̀ láàmú ni.

Graphics card tòkunbọ̀ ló léwu jù. Ní 15 oṣù kẹsàn-án 2022 ni Ethereum yí ètò rẹ̀ padà, tí àwọn tó ń fi graphics card wa owó orí íntánẹ́ẹ̀tì kò sì rí i fi wa Ethereum mọ́. Card rẹpẹtẹ tú jáde sórí ọjà àgbáyé, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru. Kì í ṣe gbogbo wọn ló bàjẹ́, fáànù wọn ló sábà máa ń kọ́kọ́ rẹ̀. Wàyó tó burú ju ìyẹn lọ ni ti card àtijọ́ tí wọ́n ti yí BIOS rẹ̀ padà, tó wá ń pe ara rẹ̀ ní GTX 1050 Ti nínú Windows. Ẹ fi GPU-Z, ètò tó ń fi ohun tí card jẹ́ hàn, sínú flash, ọ̀fẹ́ ni, kí ẹ gbé e dání lọ sí ọjà. Ẹ ní kí wọ́n so card mọ́ ẹ̀rọ, kí ẹ ṣí GPU-Z. Tó bá jẹ́ ayédèrú tó mọ̀, á kọ FAKE síwájú orúkọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ fi FurMark, ètò tó ń mú card ṣiṣẹ́ kárakára, mú un gbóná fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ máa wo ooru rẹ̀, kí ẹ tẹ́tí sí fáànù, kí ẹ wò ó bóyá àmì wẹ́wẹ́ aláràbarà ń hàn lójú monitor. Tí ọlọ́jà bá ní "Àǹtí, ẹ gbà mí gbọ́, a ti dán an wò láàárọ̀," ẹ dá a lóhùn pẹ̀lú ẹ̀rín pé ẹ gbà á gbọ́, kó sì tún bá yín dán an wò.

Ní ti case, èyí tí iwájú rẹ̀ jẹ́ àwọ̀n ni kí ẹ mú, kì í ṣe onígíláàsì tí iná aláwọ̀ mèremère ń tàn nínú rẹ̀. Ooru Èkó kò mọ ẹwà. Tí ọyẹ́ bá dé, ẹ máa ṣí i gbọn eruku.

Kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ ní kí wọ́n kọ nọ́ńbà ìdánimọ̀ ara card, motherboard àti power pack sínú rìsíìtì, kí wọ́n sì kọ iye ọjọ́ tí ẹ lè fi dá a padà àti bóyá owó ni wọ́n máa dá padà tàbí ọjà míì. Ẹ ya fọ́tò nọ́ńbà náà nígbà tí ẹ̀yà ọ̀hún ṣì wà lórí káńtà. Ọlọ́jà tó bá kọ̀ láti kọ ọ́, ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀ ń ta nǹkan kan náà.