Ẹ Má Tíì San Owó Ìdánwò Náà

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ̀yin bàbá. Tọ́mọ yín bá ń kọ́ṣẹ́ bí wọ́n ṣe ń so kọ̀ǹpútà pọ̀ mọ́ra, tó wá ní kẹ́ ẹ bá òun wá owó CCIE, ìyẹn ìdánwò ńlá ti Cisco, ọ̀rọ̀ òní kàn yín.

Wákàtí 8 ni wọ́n fi ń ṣe é. Wákàtí 3 àkọ́kọ́, ọmọ á ronú bó ṣe yẹ kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rí. Wákàtí 5 tó kù, á fọwọ́ ara ẹ̀ to ó, á wá ibi tó bàjẹ́, á tún un ṣe. Owó ẹ̀ jẹ́ 1,600 dọ́là, ó sún mọ́ mílíọ̀nù kan fáránkì sẹ́fà, láìka owó ọkọ̀. Tó bá fìdí rẹmi, owó yẹn lọ nìyẹn; òmíràn lẹ ó san.

Èrò tèmi ni pé kẹ́ ẹ má tíì san án. A kì í fẹnu kọ́ṣẹ́ aránṣọ. Ẹni tó ń ra ìdáhùn tí wọ́n jí tà, ọjọ́ tí ìbéèrè bá yí padà, ó parí fún un.

Packet Tracer wà lọ́fẹ̀ẹ́ fẹ́ni tó ń bẹ̀rẹ̀, GNS3 náà wà lọ́fẹ̀ẹ́. Kó to nẹ́tíwọ́ọ̀kì síbẹ̀, kí ọ̀rẹ́ ẹ̀ bà á jẹ́ lẹ́yìn ẹ̀, kó wá a rí, kó tún un ṣe. Kó jókòó wákàtí 8 gbáko bẹ́ẹ̀ léraléra.

Ọjọ́ tó bá ṣe é tí kò gbọ̀n, ẹ tú àpò.