Ẹni Tí Ó Jẹun ní Búkà Kò Ba Àṣà Jẹ́

Àwọn àgbàlagbà kan wà tí inú wọn kì í dùn bí wọ́n bá rí ọmọ wọn lórí bẹ́ńṣì olóúnjẹ. Lójú wọn, ilé ni ọmọlúàbí ti í jẹun. Aláìnílé ni ẹni tí ó bá ń wá oúnjẹ kiri ìta. Èrò yìí ní ìdí tirẹ̀. Nígbà tí ìdílé ń jẹun pọ̀ nínú àwo kan, ibi àwo náà ni ọmọ ti ń kọ́ bí a ti í dúró de àgbà, àti bí a kì í ti í na ọwọ́ sí ẹran kí a tó fún ni.

Ṣùgbọ́n àwọn tí ń fi ayé àtijọ́ dá búkà lẹ́bi ti gbàgbé ẹlẹ́kọ. Ta ni kò mọ ohùn ẹlẹ́kọ àti alákàrà ní kùtùkùtù? Alájàpá tí ó ń ná ọjà ọ̀nà jíjìn kò ru ìkòkò ọbẹ̀ kúrò nílé. Olóúnjẹ ọjà ni ó ń bọ́ ọ. Oúnjẹ rírà kì í ṣe ohun tí òyìnbó gbé dé. Ohun tí búkà fi kún un ni pé ó kó oúnjẹ ìlú púpọ̀ jọ sí ojú kan, ní iye tí tálákà lè san. Orúkọ rẹ̀ pàápàá, ọwọ́ àwọn Haúsá ni a ti yá a. Ahéré tàbí àtíbàbà ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀.

Ìlú Ìbàdàn tó àpẹẹrẹ. Láti 1948 tí Yunifásítì ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ni ọmọ oríṣiríṣi ìlú ti ń wọ́ wá. Ọmọ Èkìtì gbà pé iyán ni oúnjẹ, pé ìpanu ni ìyókù. Ìkọ́kọrẹ́ tí a fi ewùrà sè ni ọmọ Ìjẹ̀bú fi dàgbà. Láfún ni ọmọ Ẹ̀gbá mọ̀. Níwájú ìkòkò àmàlà, ní Mọ́kọ́lá tàbí Bódìjà, ni gbogbo wọn ti ń pàdé. Ẹni tí kò jẹ gbẹ̀gìrì rí lè kọ́kọ́ fi ojú burúkú wò ó bí wọ́n ti ń bù ú lé ewédú, tí wọ́n tún ń da ọbẹ̀ ata sí i. Kí oṣù kan tó pé, òun náà yóò ti mọ ìyàtọ̀ láàrin ṣàkì, àbọ́dì àti fùkù, yóò sì máa bá àwọn ọmọ Ìbàdàn jiyàn lórí àmàlà tí ó dán jù.

Bí ó bá rìn dé Sábó, níbi tí àwọn Haúsá ti tẹ̀dó láti 1916, yóò bá túwó pẹ̀lú ọbẹ̀ kúkà, èyí tí a fi ewé oṣè gbígbẹ tí a lọ̀ kúnná sè. Lálẹ́, onítíì yóò máa da tíì gbígbóná láti inú ife kan sí èkejì títí yóò fi hó. Ẹ̀wà àgànyìn, tí a sè títí ó fi rọ̀ bí ẹ̀kọ, tí a wá bu epo àti ata gbígbẹ dúdú lé lórí, ń jẹ́ orúkọ àwọn tí ó ti ìhà Tógò àti Dàhòmì àtijọ́ wá. Ìrẹsì Ọ̀fadà dé láti Ọ̀fadà nípìnlẹ̀ Ògùn nínú ewé. Ará Kálábá sì lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, tí ó ń fi ugwu àti gbúre se ọbẹ̀ tirẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò lówó ọkọ̀ dé Kaduna ti mọ ohun tí wọ́n ń jẹ níbẹ̀.

Àṣà náà kò sì kú níbẹ̀. Ẹni tí ó bá ń jẹun lọ́wọ́ ṣì ń sọ fún àjèjì tí ó wọlé pé, "Ẹ wá bá mi jẹun", àjèjì náà á sì dáhùn pé, "Yóò gba ibi ire." Ìyá olóúnjẹ ń pe akẹ́kọ̀ọ́ ní ọkọ mi. Ó ń fi èènì sí i, bí kò tilẹ̀ ju omi ọbẹ̀ lọ.

Òótọ́ ni pé ìdọ̀tí wà ní búkà mìíràn, ọ̀nà ọ̀fun sì ni ọ̀nà ọ̀run. Kí oníbàárà wo omi tí wọ́n fi ń fọ àwo, kí ó wo ìdérí ìkòkò, bí eṣinṣin bá sì pọ̀ jù, kí ó kọjá. Ṣùgbọ́n wíwó gbogbo wọn kì í ṣe ìmọ́tótó. Nígbà ìjọba ológun ní 1984, ọ̀pọ̀ ìsọ̀ etí títì ni wọ́n wó lórúkọ ètò; ebi kò wó pẹ̀lú wọn, àwọn olóúnjẹ sì padà sí ibi tí kò ní omi rárá. Ìsọ̀ tí ó ní ẹ̀rọ omi àti ojú àgbàrá, tí ìjọba ìbílẹ̀ kọ́, tí ó sì ń gba owó díẹ̀ lórí rẹ̀, ìyẹn ni ì bá ran ìlú lọ́wọ́.

Ohun tí ó fẹ́ pa búkà báyìí kì í tilẹ̀ ṣe katakata. Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin, owó ọkọ̀ tí ń gbé èlùbọ́ àti ata wọ ìlú ti fò sókè. Olóúnjẹ tí kò fi èènì sí i mọ́ kì í ṣe ahun. Ó ń ṣọ́ owó tí yóò fi ra ọjà ọ̀la ni. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ra àmàlà láìra ẹran kò sì ṣẹ̀ ẹ́, nítorí ó san owó rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Àwọn tí ń ṣe é níbi ni àwọn olówó oṣù tí ń jẹun àwìn láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù, tí wọ́n sì ń gba àdúgbò mìíràn kọjá nígbà tí owó bá dé. Olùkọ́ wà nínú wọn, akọ̀wé wà nínú wọn. Àwọn kan náà ni wọ́n ń wí nílé pé oúnjẹ búkà kò yẹ ọmọlúàbí. Ìwé gbèsè wọn wà lábẹ́ tábìlì ìyá olóúnjẹ, orúkọ wọn sì wà níbẹ̀.